Ohùn Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ òun bàjẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kó lọ ṣe alárenà. Bí ó bá dára, àwọn méjèèjì ló mọ ìfẹ́ ṣe. Bí kò bá dára, èmi Sẹ̀gilọlá ni. Àwọn àgbà sọ pé bí ojú bá mọ ojú tán, alárenà á yẹ̀ba. Èmi ò rí ibi yẹ̀ba sí. Ìlú Ìlá yìí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà sì ni èmi àti Tíṣà Bámgbóyè ń lọ.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣọ́ọ̀bù Akínlabí ló sì fẹ̀gbẹ́ kan tèmi. Ọmọ Ìgbájọ ni Akínlabí. Ó ń tún fáànù ṣe, ó ń tún ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ ata ṣe, ohunkóhun tó bá ṣáà ti ní mọ́tò nínú. Mọ́tò tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Òṣogbo o. Èyí tí wọ́n fi wáyà pupa tín-ín-rín wé nínú, tó máa ń yí apá fáànù, òun ni mò ń wí. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin náà, ńlá àti kékeré, débi pé ẹni tó bá wọlé ní láti máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé e.

Fáànù ló gbé Ọládùnní débẹ̀. Ọmọ Tíṣà Bámgbóyè ni, òun náà ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í wo ojú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, sípíkà rédíò Akínlabí ti ya, kò sì fẹ́ pàdánù ìròyìn. Ó já wáyà méjèèjì tó lọ sí sípíkà náà, ó so wọ́n mọ́ mọ́tò kékeré kan tó yọ nínú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó sì tẹ mọ́tò náà mọ́ tábìlì. Tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò purọ́. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni pé agbára tó yẹ kó mi sípíkà ló ń mi mọ́tò. Mọ́tò kò rí ọ̀nà yí, ó kàn ń gbọ̀n ni, ohun tí ẹ bá sì fi tì náà á máa bá a gbọ̀n, ohùn á jáde níbẹ̀. Ó gbé e sórí agolo, ohùn náà dà bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ó gbé e sára ilẹ̀kùn, ohùn náà ki, ó balẹ̀, bíi ti bàbá àgbàlagbà. Ọládùnní gbàgbé fáànù sílẹ̀. Ó ní ṣé òun lè fọwọ́ kàn án, Akínlabí sì mú ìka rẹ̀, ó gbé e lé irin tó yọ lórí mọ́tò náà, orin wọ ọmọ náà lápá. Mo rí ojú àwọn méjèèjì. Mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan tó wà nílé Tíṣà ló ń bàjẹ́. Lónìí fáànù, lọ́la ẹ̀rọ ata. Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti bàjẹ́ mọ́, Ọládùnní bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ lọ́dọ̀ mi. Ìgbáròkó tí mo wọ̀n fún ọmọ yìí lọ́dún náà, bí mo bá lọ́ ọ papọ̀, ó tó okùn tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga.

Ọjọ́ kan ni Akínlabí wé mọ́tò kékeré yẹn mọ́ rúlà onígi, ó ní kí Ọládùnní fi eyín di rúlà mú, kó sì fi ìka di etí rẹ̀. Ó so wáyà mọ́tò náà mọ́ fóònù tirẹ̀, ó sì fọwọ́ kan án. Èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mi ò gbọ́ ohunkóhun ju kíkùn kékeré bíi ti eṣinṣin. Àmọ́ mo rí omi tó gba ojú ọmọ náà, itọ́ sì ń ṣàn lórí rúlà, kò mọ̀. Mo bi í pé kí ló gbọ́. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Irọ́ gbáà ni. Nígbà tó yá ló sọ fún mi pé ohùn Akínlabí ni òun gbọ́ láàárín agbárí òun, tó ní òun ò ní nǹkan kan láyé, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí òun bá ní, tirẹ̀ ni. Ó ní kò sí ẹni tó tíì sọ̀rọ̀ sún mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n wá rán mi sí bàbá rẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí Tíṣà wí, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àgbà ìjọ sì ni wọ́n. Ìyàwó wọn, Fọláyẹmí, ti kú. Ìbàdàn ló kú sí, nílé ìwòsàn. Ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Tíṣà ń múra ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, torí àwọn ni alága. Wọ́n ní bí ìkórè bá ti parí, àwọn á lọ. Ọjọ́ ìkórè gan-an ni obìnrin náà dákẹ́. Láti ìgbà náà, Tíṣà kò sùn ní yàrá ìyàwó wọn mọ́, wọn kì í sì dárúkọ rẹ̀. Ọláníyì, àkọ́bí wọn, wà ní Àbújá. Ọládùnní nìkan ló kù nílé.

Tíṣà gbọ́ tẹnu mi tán, wọ́n bi mí ta ni bàbá ọmọ náà. Mo ní Ifátúnjí ni, àgbẹ̀ ni ní Ìgbájọ. Wọ́n ní orúkọ náà ti dáhùn ìbéèrè àwọn. Mo ní ọmọ náà kì í bá bàbá rẹ̀ ṣe nǹkan òrìṣà, àgbẹ̀ tó ń ṣe ti bàbá rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sì ni bàbá náà. Wọ́n ní àwọn ò fi ọmọ àwọn ṣe ilé awo, kí n má tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn mọ́. Wọ́n pe Ọládùnní lójú pásítọ̀, wọ́n ní kó ṣèlérí pé òun ò ní rí ọmọ náà mọ́. Ó ṣèlérí. Lọ́jọ́ kejì ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń wá bọ́tìnnì.

Ó lé lọ́dún kan tí a wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń rù. Ó máa ń sọ fún mi pé bí ìyá òun bá wà ni, ìyá òun á ti bá òun sọ ọ́. Ìyá náà sì wà lórí fóònù rẹ̀: láti orí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, obìnrin náà gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Ọládùnní lórí Wásáàpù kó lè jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ, àmọ́ ìkórè kò jẹ́ kí wọ́n ráyè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fóònù ti já bọ́, ohùn inú rẹ̀ ti di tín-ín-rín. Ọládùnní ní kò dà bí ìyá òun mọ́, pé òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó kún inú ilé bó ṣe máa ń kún un.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin tó bá nífẹ̀ẹ́ obìnrin kì í lè gbọ́ kó jókòó. Akínlabí tú inú rédíò kan, ó fi bátìrì ọ̀kadà sí i, ó so mọ́tò kékeré rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní kó so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, kó sì tẹ mọ́tò náà mọ́ igi tó bá fẹ̀, tó bá gbẹ. Bí igi bá ṣe tóbi tó ni ohùn ṣe máa tóbi tó. Ọládùnní kó o sínú báàgì ilé ìwé.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Tíṣà ti lọ sí ìpàdé àwọn àgbà ìjọ. Ọmọ náà wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti ilé bàbá tirẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ìrókò tó ga dé àjà. Ó tẹ mọ́tò náà mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, “Bàbá Ọláníyì, ẹ ò ṣe tíì wá? Ibí yìí tutù o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.”

Ìpàdé kò wáyé lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ ti rìnrìn àjò. Tíṣà ti padà sílé, wọ́n dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọládùnní gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Mò ń bọ̀, Àyọ̀ká,” ni wọ́n wí, wọ́n fi oríkì ìyàwó wọn pè é. “Má bínú. Mò ń bọ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Láti kékeré ni ìyá wa ti ń kìlọ̀ fún wa: bí o bá gbọ́ ohùn tí o ò rí ojú ẹni tó ni ín, má jẹ́. Bí òkú bá wá pe ènìyàn, ẹni tó bá ti jẹ́, ó ti gbà láti lọ nìyẹn. Ìwé tí Tíṣà kà kò yọ èyí kúrò lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ ọ́ kúrò lára tèmi náà. Ọládùnní ká ọwọ́ kúrò, ohùn dákẹ́. Ó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ wọ yàrá tiwọn, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló sá tọ̀ mí wá láìwọ bàtà.

Mo ní kó padà lọ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á bi òun pé ta ló ṣe nǹkan náà, ìlérí tí òun ṣe lójú pásítọ̀ á sì di irọ́. Ó ní tó bá di ọ̀la, òun á sọ. Ọ̀la dé, kò sọ. Tíṣà ò jẹun láàárọ̀, wọn ò jẹun lálẹ́. Wọ́n ní inú àwọn kún, omi nìkan ni wọ́n ń mu. Wọ́n kó agbádá wọn fún ẹni tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kó bá àwọn ro ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyàwó wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn ti wọnú, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ sí Ìgbájọ, kí n sọ fún àwọn ará ilé Ifátúnjí pé kí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kíákíá, kí ìgbéyàwó tẹ̀lé e. Mo bi wọ́n pé ilé awo ńkọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ ilé tó dára. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ọmọ àwọn ṣẹ́ kù lóun nìkan. Mo dúpẹ́, mo jáde. Mo mọ ohun tó fa ìyọ́nú náà.

A jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwa mẹ́ta, mo sì ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ náà kò le láti rí, ó le láti gbé mì ni. Bí a bá sọ fún Tíṣà pé mọ́tò ni, wọ́n á jẹun, wọ́n á yè, wọ́n á sì lé Akínlabí dànù. Bí a bá dákẹ́, ìyàwó á dé ilé ọkọ, bàbá á sì dé ibojì. Akínlabí ní kí a sọ ọ́. Ó ní òun ò lè gbé ìyàwó gba orí òkú bàbá rẹ̀ kọjá. Ọládùnní yíjú sí i.

“O ò mọ bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n tó,” ló wí. “Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo tí mo rí gbà lẹ́nu wọn rèé. Jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà lé wa lórí ná. Lẹ́yìn náà màá sọ ọ́, wọ́n á bínú, wọ́n á sì jẹun.”

Akínlabí gbà fún un. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé ebi kì í dúró de àdúrà, ó ní òun mọ̀. Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, mo sì rí i pé kò tíì dá ara rẹ̀ lójú.

Àwọn ará Ìgbájọ wá. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé èso àti oyin wá. Ifátúnjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Tíṣà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Tíṣà gbé ọwọ́ lé Akínlabí àti Ọládùnní lórí, wọ́n gbàdúrà, ohùn wọn kò jìnnà sí ẹnu. Àwọn ènìyàn ní ayọ̀ ló mú ara wọn fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. A dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Inú Ọládùnní dùn lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo rí i tó ń wo Akínlabí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé yóò sọ fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sọ ọ́. Ó ní ó dìgbà tí àwọn bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ọládùnní gbé wọn. Ó ní ohun tó dẹ́rù ba òun ni pé òun lè gbé wọn. Ó tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá pè mí, ó pe Akínlabí, ó ní kó gbé ẹ̀rọ náà dání.

Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Kò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan ìlérí tó ṣe lójú pásítọ̀ àti bọ́tìnnì tí kò wá rí. Tíṣà gbọ́, wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí a gbé àwọn lọ sí yàrá ìyàwó wọn. Akínlabí tẹ mọ́tò náà mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, Fọláyẹmí sì sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ gan-an. Èmi tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo dá a mọ̀. Tíṣà na ọwọ́, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé igi náà níbi tó ti ń gbọ̀n. Wọ́n ní kí Akínlabí yọ ọ́. Ó yọ ọ́, igi náà dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ wọn.

Tíṣà yíjú sí wa.

“Ẹ rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí tí mi ò fi jẹun,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀rù kọ́. Mò ń kánjú ni. Ó pè mí nígbà tó wà láyé, mi ò lọ. Mo rò pé ó ti dárí jì mí, ló ṣe tún pè mí.”

Akínlabí dọ̀bálẹ̀. Ọládùnní di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà jẹun. Wọ́n ní kó lọ gbé e wá. Ó gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá, wọ́n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú wa, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọwọ́. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi. Ìgbà náà ni wọ́n kọjú sí mi.

“Sẹ̀gilọlá, bá mi dá ẹrù àwọn ará Ìgbájọ padà.”

Mo ní, “Tíṣà, ẹ ti gbàdúrà lé wọn lórí.”

“Ẹni tó ń lọ ló gba àdúrà yẹn. Bí mo bá ń lọ, mo lè fi ọmọ mi sílẹ̀. Ní báyìí tí ẹ ti ní kí n dúró, ta ló máa dúró tì mí?”

Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé awo látìgbà yìí wá. Kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé awo. Akínlabí ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò ní mú un lọ sí Ìgbájọ, pé ní àdúgbò yìí gan-an làwọn á máa gbé, pé lójoojúmọ́ ni yóò máa gbé oúnjẹ wá fún wọn, àní bí wọ́n bá fẹ́, kí àwọn méjèèjì wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Tíṣà mi orí. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

“O ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá rí ọ ni màá máa rántí pé kò sẹ́ni tó pè mí.”

Mo fa Ọládùnní jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́, ṣé o ò lè lọ ni, ṣé àwọn tó bí Ọláníyì kọ́ ló bí ọ, òun tó ń jayé orí rẹ̀ ní Àbújá. Inú ń bí mi, mo sì ń sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ nípa àgbàlagbà. Ó gbọ́ tèmi tán, ó fi etí ìró nu ojú.

“Bí mo bá lọ, wọn ò ní jẹun mọ́, Àǹtí,” ló wí. “Wọ́n ti rí i pé ọ̀nà náà ò jìn. Ẹ sọ fún Akínlabí kó má dúró dè mí.”

Mo sọ fún un. Ó dúró síbẹ̀síbẹ̀. Ó dúró títí ìyá rẹ̀ fi wá sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tó yá ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọ̀fà, mo sì gbọ́ pé ó ti fẹ́ ìyàwó, ó ti bímọ. Ẹni tó ń ta káàdì fóònù ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Ọládùnní kì í gba ojú ọ̀nà wa mọ́. Ó ní télọ̀ míì lápá ibòmíràn, mi ò sì bínú sí i.

Ara Tíṣà le. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún padà. Ní ọjọ́ ìsinmi, iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí, Ọládùnní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí a bá jáde, àwọn ìyá ìjọ á yí ọmọ náà ká, wọ́n á ní ọmọ gidi ni, ó tọ́jú bàbá rẹ̀, Ọlọ́run á fún un ní ọkọ rere lọ́dún yìí. Gbogbo wa á ní àmín. Tíṣà ni àmín tiwọn máa ń ròkè jù. Ọládùnní náà á ní àmín, á gba Bíbélì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, á dì wọ́n lápá mú, wọ́n á sì máa lọ sílé.